Ọkọ̀ Ẹskọ́ṣọ̀n Ń Kọjá Lẹ́nu Ọ̀nà Ààfin

Bí táàmù kẹta bá ti ń lọ sópin, tí ìdánwò ti tán, tí àwọn tíṣà ń ṣírò máàkì, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń kó ọmọ lọ ẹskọ́ṣọ̀n. Lẹ́tà á ti kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ òbí: iye owó rèé, ibi tí a ń lọ rèé, ẹ fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé yìí pé ẹ gbà kí ọmọ yín lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọmọ tí wọ́n máa ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí ibùsùn á ti jí ṣáájú ìyá rẹ̀. Ìyá á bu ráìsì sínú kúlà, á sì fi ẹran méjì lé e lórí dípò ẹyọ kan, kí ojú má baà ti ọmọ òun láàárín ẹgbẹ́.

Ìbàdàn ni wọ́n sábà máa ń lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ dé ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 nígbà tí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ẹranko kó ẹranko díẹ̀ jọ fún ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn kìnnìún àti ọ̀nì, ó di Ọgbà Agodi. Wọ́n á gba Dùgbẹ̀ kọjá kí wọ́n lè nawọ́ sí Kòkó Háòsì, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní 1965. Ilé ìtajà ńlá kan ni ọjọ́ máa ń parí sí, níbi tí áísìkirímù wà, tí àtẹ̀gùn ń gbé ènìyàn gòkè fúnra rẹ̀. Bí o bá bi ọmọ náà lálẹ́ pé kí lo rí, àtẹ̀gùn yẹn ló máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Mi ò bá Ìbàdàn jà. Ọmọ tí kò rí kìnnìún rí yẹ kó rí i, ọmọ tó bá sì dúró sí ìdí Kòkó Háòsì yẹ kí ẹnìkan sọ fún un pé owó kòkó àwọn àgbẹ̀ ló kọ́ ọ. Ohun tí mo ń bá wí ni pé ọkọ̀ tó gbé àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ ń ti ẹ̀gbẹ́ ààfin Aláàfin lọ sí Ìbàdàn, èyí tó gbé àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń ti ẹ̀gbẹ́ ààfin Ṣọ̀ún lọ sí Ìlọrin tàbí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ inú rẹ̀ kò sì tíì wọ ààfin ìlú wọn rí. Ohun tí wọ́n ń sanwó lọ wò lọ́nà jíjìn kò pọ̀ tó ohun tí wọ́n lè fẹsẹ̀ rìn lọ wò.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ igbá fínfín. Bí a bá ń dárúkọ ìlú tí wọ́n ti ń fín igbá nílẹ̀ Yorùbá, Ọ̀yọ́ ni ẹnu kọ́kọ́ ń dé. Igbá tó ti gbó ni wọ́n ń já. Wọ́n á là á, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi kí inú rẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á ha á mọ́, wọ́n á sì sá a sóòrùn títí á fi le. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀bẹ tó dé. Ọwọ́ òsì ń yí igbá, ọwọ́ ọ̀tún ń fín, ìlà tó bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín á yí igbá po, á sì pàdé ara rẹ̀ láìyẹ̀. Níbẹ̀ ni tíṣà ìṣirò yẹ kó kó kíláàsì kẹrin rẹ̀ lọ. Igbá tí wọ́n là sí méjì nìyẹn, ìdajì dé. Ojú rẹ̀ tí wọ́n pín sí mẹ́rin, tí wọ́n tún pín sí mẹ́jọ kí wọ́n tó fi alángbá àti ẹyẹ sínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kọ́ ìdá ni, láìsí pátákó dúdú. Ọmọ kan kò sì ní ṣàìbéèrè: “Bàbá, tí ọwọ́ yín bá ṣì ńkọ́, ṣé ẹ ní kílínà tẹ́ ẹ fi ń pa á rẹ́ ni?” Ẹ̀rín á pa oníṣẹ́. “Kò sí kílínà o, ọmọ mi. Ibi tí ọwọ́ bá ṣì sí, ewé ni mo máa sọ ọ́ dà.” Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan tí ilé-ìwé ń rà.

Iṣẹ́ awọ náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìlù wà níbẹ̀: igi ọmọ tí wọ́n gbẹ́ ní ihò, awọ ewúrẹ́ tí wọ́n fà bò ó lójú méjèèjì, ọṣán tí wọ́n fi so ojú kan mọ́ èkejì. Bí o bá fún ọṣán pọ̀, ohùn á gòkè. Bí o bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Sáyẹ́ǹsì nípa ohùn tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì karùn-ún nìyẹn, ọmọ lè fi apá ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó sì gbọ́ ọ.

Ẹ wá wo ààfin fúnra rẹ̀. Ọ̀yọ́ tí a ń gbé lónìí, Aláàfin Àtìbà ló tẹ̀ ẹ́ dó sí ibi tó wà yìí ní àwọn ọdún 1830, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú. Àwọn kọ̀bì, ìyẹn ìloro tó yọ síwájú ààfin, jẹ́ ohun tí ojú ọmọ gbọ́dọ̀ rí kó tó lè mọ ìdí tí wọ́n fi ń kà wọ́n kún ọlá. Àwọn àrọ̀kin sì wà, àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa rántí ìtàn ọba. Samuel Johnson, pásítọ̀ tó ṣiṣẹ́ ìjọ ní Ọ̀yọ́ níbí, lo ọ̀rọ̀ àwọn àrọ̀kin nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897. Ìwé yẹn sọnù mọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, àbúrò rẹ̀ ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, kò sì jáde títí di 1921, ogún ọdún lẹ́yìn ikú Johnson. Àwọn olùkọ́ wa ń ka ohun tí wọ́n yọ láti inú ìwé yẹn sétí àwọn ọmọ nínú kíláàsì, orísun rẹ̀ sì wà ní ìrìn ẹsẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tó wà nínú ìlú.

Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn ọmọ náà gan-an tún wà níbẹ̀. Ṣọ̀ún Jimoh Oyèwùmí wàjà ní oṣù Kejìlá 2021, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta tẹ̀lé e ní oṣù Kẹrin 2022. Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ṣọ̀ún tuntun, Ọba Ghandi Ọláoyè, ní 2023, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ wà láìní Aláàfin títí di 2025 tí Ọba Akeem Owoade gorí ìtẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Ọ̀yọ́ ti gbọ́ ariwo àwọn ọdún yẹn nílé, lọ́jà àti lórí rédíò. Ta ló ń yan ọba? Àwọn wo ni Ọ̀yọ́mèsì? Kí ló dé tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ìbéèrè yìí ti wà lẹ́nu ọmọ, ààfin ni ibi tí ó yẹ kó ti béèrè wọn.

Àǹfààní kan tún wà nínú irú ìrìn yìí tí ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí bọ́ọ̀sì ń gbé ọmọ lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni afinimọ̀nà ń sọ, àwọn ọmọ á máa mi orí, wọ́n á máa wo ẹnu rẹ̀. Onígbá kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì fún wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní Ifẹ̀ ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ á béèrè ọ̀rọ̀, ìyẹn ni ẹskọ́ṣọ̀n wà fún.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìtàn Ògúnlọlá ni gbogbo ọmọ ń gbọ́ kó tó mọ̀wé kà: ọdẹ tó jókòó sábẹ́ igi àjàgbọn, tí wọ́n mú lọ síwájú Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé nítorí ẹ̀sùn kan, tó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ bá Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da ìlú láàmú jà, tó sì gbé orí rẹ̀ bọ̀. Ó yẹ kí ọmọ gbọ́ èyí láàfin Ṣọ̀ún, lẹ́nu àgbà, kì í ṣe láti inú ìwé àkọsórí nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898 wà nínú ìlú kan náà. Ilé ìwòsàn tó ti di ilé ìwòsàn Yunifásítì Bowen lónìí bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ Dókítà George Green tó dé ní 1907. Ọgbà ẹ̀kọ́ LAUTECH ní oko tí ọmọ ti lè rí bí wọ́n ṣe ń sin adìyẹ àti bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan. Làfún àti gààrí, kò sí àdúgbò tí wọn ò ti ń ṣe é.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ibi kan ṣoṣo ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn arúgbó ni mo máa mú. Àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ti tàn ká ilẹ̀ Gold Coast, tó di Ghana lónìí, láti ayé àwọn òyìnbó, títí dé àríwá ibẹ̀, wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ta wóróbo, wọ́n ń bí ọmọ síbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Ghana pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ogunlọ́gọ̀ padà wá sí ìlú tí àwọn kan lára wọn kò tíì fojú rí rí. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún sókè báyìí, àwọn míì ti lé ní àádọ́rin. Wọ́n ṣì wà láàyè. Ọmọ kíláàsì karùn-ún tó mú máàpù Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dání, tó jókòó síwájú ìyá àgbà kan, tó sì bi í pé, “Màmá, ẹ fi ìka yín hàn wá, ibo lẹ gbà padà wálé?” ti kọ́ jọ́gíráfì, ó ti kọ́ ìtàn, ó sì ti kọ́ bí ènìyàn ṣe ń tẹ́tí sí àgbà. Kò ná ilé-ìwé ju ọsàn tàbí búrẹ́dì tí wọ́n máa mú lọ́wọ́ fún màmá lọ. Mi ò mọ ohun tí a ń dúró dè. Àwọn tó lè dáhùn kò ní máa dúró dè wá.

Ọ̀rọ̀ owó ló kàn. Nínú gbogbo ẹskọ́ṣọ̀n ni ọmọ kan wà tí kò lọ. Òbí rẹ̀ kò rí owó náà san, tàbí ó san ìdajì. Àwọn ilé-ìwé míì á ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó sílé. Àwọn míì á ní kó wá, kó jókòó sínú kíláàsì tó ṣófo pẹ̀lú tíṣà tí wọ́n fi ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń lọ nínú kíláàsì ni kò ní lè dá sí. Mo ka ìyẹn sí ìyà, bí kò tiẹ̀ sí pàṣán níbẹ̀. Ní ilé-ìwé ìjọba, gbogbo kíláàsì ni kì í lọ: òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 2004 ní kí wọ́n má gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ òbí, kò sì sí ẹni tó ń fi owó bọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sí ọ̀gá ilé-ìwé. Ìrìn ẹsẹ̀ lọ sọ́dọ̀ onílù kò ní ìṣòro yìí. Kò sí ọmọ tí a máa fi sílẹ̀.

Àwọn kan á ní eré lásán ni ẹskọ́ṣọ̀n, pé kí ọmọ jókòó kàwé. Ìwádìí kan wà tó dá wọn lóhùn. Ní Arkansas ní Amẹ́ríkà, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan tí wọ́n ń pè ní Crystal Bridges ṣí ní 2011. Ilé-ìwé tó fẹ́ wá pọ̀ jù àyè lọ, ni wọ́n bá ń ṣẹ́ gègé láti mọ ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé. Àwọn olùwádìí lo àǹfààní yẹn: wọ́n fi àwọn tó ti lọ wé àwọn tí kò tíì lọ, ọmọ 10,912 àti olùkọ́ 489 láti ilé-ìwé 123. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tó fi àwọn ènìyàn hàn tí wọ́n ń se oje dídùn inú igi kí àwọn ènìyàn má baà ra ṣúgà tí wọ́n fi ẹrú ṣe. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún ọmọ tó rí àwòrán náà, 88 ló rántí ìtumọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọn kò fún wọn ní ìdánwò lé e lórí. Àwọn ọmọ ìgbèríko àti ọmọ tálákà ló jàǹfààní ìrìn náà jù. Ìdajì ọjọ́ péré ni wọ́n lò níbẹ̀.

Ọ̀nà tún wà, ẹni tó bá ń gbé lágbègbè yìí kò nílò kí n ṣàlàyé. Kìlómítà 52 ni wọ́n wọn apá Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nínú òpópónà Ìbàdàn sí Ìlọrin. Wọ́n pín òpópónà náà sí mẹ́ta, apá àárín yìí ló sì di àpatì fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà tí tírélà ń já ara wọn lulẹ̀ lórí ọ̀nà àtijọ́ tó há. Òbí tó ti rí ohun tí ọ̀nà yẹn ṣe kì í fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sínú bọ́ọ̀sì tayọ̀tayọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ajínigbé. Ní oṣù Kìíní 2024, ní Èmùrè-Èkìtì, wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ sílé. Bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n lò kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Ilé ni wọ́n ń lọ o, wọn ò lọ ẹskọ́ṣọ̀n. Kò sí ẹni tó yẹ kó sọ fún òbí pé ẹ̀rù rẹ̀ kò nídìí.

Ibi yìí ni fóònù ti wọlé. Ọ̀rọ̀ pé kí ọmọ jókòó síbì kan kí ojú rẹ̀ rìnrìn-àjò kì í ṣe tuntun fún wa. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gbé tẹlifísàn kalẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀kọ́ wà lára ìdí tí ìjọba fi ná owó yẹn. Ní oṣù Kẹta 2020 tí kòrónà ti ilé-ìwé pa, rédíò àti tẹlifísàn ni ìjọba tún sá tọ̀. Àwọn ilé-ìwé tó ní dátà gbé àwọn ọmọ lọ wo ọgbà ẹranko San Diego ní Amẹ́ríkà lórí kámẹ́rà tó ń gbé àwòrán jáde lójú ẹsẹ̀.

Ó dára, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ohun tí kì í ṣe tiyín. Google gbé Expeditions jáde ní 2015, nǹkan tí ọmọ ń gbé sójú nínú páálí tó dà bí ìwo awò, tó sì ń gbé e lọ sí òkè, sí abẹ́ òkun. Àwọn olùkọ́ káàkiri ayé fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ti tò ó sínú ìwé ìgbáradì wọn. Ní oṣù Kẹfà 2021, Google pa á tì. Ọ̀nà tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, òun náà ló máa pinnu ọjọ́ tí á dí.

Ìdájọ́ tèmi ni pé ibi tí ẹsẹ̀ kékeré kò lè dé nìkan ni kí a fi fóònù lọ. Ọ̀yọ́-Ilé wà nínú Ọgbà Ẹranko Àpapọ̀ ti Ọ̀yọ́ Àtijọ́, tí ìjọba sọ di ọgbà àpapọ̀ ní 1991, tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà nínú ìlú Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n àwókù ìlú náà jìnnà sínú igbó, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni kó kíláàsì kẹta lọ síbẹ̀. Fídíò tí àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà bá yà níbẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn wá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọ ní Ọ̀yọ́, á tó wọn. Adágún Ìyákẹ̀ lórí òkè Àdó-Àwáyè náà, bákan náà. Ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè gun òkè yẹn lórí fídíò. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ríran, fídíò kò ṣe é ní nǹkan kan. Igbá fínfín tí ìka rẹ̀ lè tọ̀ ló nílò. Ọ̀yọ́ tó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe láti 1977 yẹ kó mọ èyí ṣáájú gbogbo ìlú.

Lílò kan tún wà tí mi ò tíì rí kí wọ́n fi bẹ́ẹ̀ ṣe, ó sì rọrùn. Tíṣà kan wà níwájú onígbá ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú ọmọ ogún, fóònù ń yà wọ́n. Tíṣà kejì wà ní kíláàsì kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó so fóònù tirẹ̀ mọ́ tẹlifísàn. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń béèrè, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ ń bá wọn gbé ìbéèrè náà dé iwájú bàbá. Lọ́sẹ̀ kejì, ó yí padà: màmá tó ti Ghana bọ̀ ló ń sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ ló ń gbọ́. Kìlómítà 52 yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára lọ́jọ́ náà. Iná lè lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já. Kí wọ́n gba fídíò náà sílẹ̀, kí wọ́n wò ó lọ́jọ́ kejì.

Ìmúrasílẹ̀ ni kó má yẹ̀. Kí tíṣà kọ́kọ́ dá lọ bá oníṣẹ́ náà, kó mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, kó sì san nǹkan fún un, nítorí oúnjẹ òòjọ́ ni a fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àgbàlagbà tó máa tẹ̀lé àwọn ọmọ pọ̀ tó. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè méjì sínú ìwé kó tó kúrò ní kíláàsì, kó sì padà wá ya ohun tó rí.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, kí ẹ tó háyà bọ́ọ̀sì ní táàmù kẹta tó ń bọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí ààfin ìlú yín ní táàmù kìíní. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ Àtìbà, Ìlà-Oòrùn Ọ̀yọ́, Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀yọ́, Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn àgbà tó bá gbà láti gba àwọn ọmọ lálejò sílẹ̀, kí ẹ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn, kí ẹ sì fi ìwé náà ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lábẹ́ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ti Ghana bọ̀, nítorí ọjọ́ orí wọn.